Wọ́n ní òfo ni àtọ̀ mi, kókó èjìká mi náà tún ti wú padà

Oníbúrẹ́dì_Ìgbóná (Oṣù Kejì, ọjọ́ 9, 9:47 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò kọ nǹkan kan rí. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Ìgbóná, níbí ní Òṣogbo. Ẹ má rẹ́rìn-ín, orúkọ àdúgbò àti iṣẹ́ mi bára mu. Ọdún kẹrin rè é tí mo ti gbéyàwó, ìyàwó mi kò lóyún rí. Ó ti ya fọ́tò ilé ọmọ, ó ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Màmá mi ní tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé lóṣù kẹjọ, kí n mú un lọ sódò. Èmi náà ti gbà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, o ti yẹ ara rẹ wò?"

Mo lọ sí láàbù kan. Wọ́n ní kí n lọ gbé àtọ̀ wá láti ilé. Mo gbà á sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, mo dè é, mo fi sápò ṣòkòtò, mo gun ọ̀kadà. Lọ́jọ́ kejì, èsì jáde: azoospermia. Ọmọbìnrin tó na ìwé náà sí mi ní, "Ọ̀gá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o." Ó sì pe ẹni tó kàn.

Ìkejì: kókó kan wà léjìká òsì mi. Bí èkùrọ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, kì í dùn mí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n gé e fún mi ní ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n ní kẹ́lọ́ìdì, àpá ọgbẹ́ tó wú, ni, wọ́n sì dà á nù. Ó ti padà. Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó le gbagidi, ó sì ti bí ọmọ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ṣé àrùn kan náà ló ń ṣe mí lókè nísàlẹ̀ ni? Àbí ooru ààrò ni?

Bàbá_Àgbo (10:05 alẹ́)

Ọmọ mi, àtọ̀sí ìgbà èwe ló ń bá ọ jà. Àgbo ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Á fọ inú rẹ, á sì fọ kókó náà lára rẹ. Pè mí sórí nọ́ńbà yìí

Alábòójútó (10:11 alẹ́)

Bàbá, a ti yọ nọ́ńbà yín kúrò. Ẹ mọ òfin ilé yìí.

Àbẹ̀kẹ́_OlúOde (10:30 alẹ́)

Oníbúrẹ́dì, mi ò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé mi kiri. Orí òkè, odò, ilé alálùfáà, ilé aláfọ̀ṣẹ. Mo mu ohun tí mi ò lè dárúkọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkọ mi kò gbé àtọ̀ rẹ̀ dé láàbù kankan. Ó ní òun mọ̀ pé òun lókun, pé ojoojúmọ́ ni òun ń ṣe é. Ṣé ìyẹn ni mo bi í? Okun nǹkan ọ̀tọ̀, ọmọ nǹkan ọ̀tọ̀. Ọjọ́ tó gbà láti lọ, mílíọ̀nù méjì péré ni wọ́n rí. Iṣan ẹpọ̀n rẹ̀ òsì ló wú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mi ò ní sọ ìyókù, ọmọ mi ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí.

Bí o ṣe lọ fúnra rẹ yẹn, o gbìyànjú ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ.

Gíláàsì_Pẹlẹbẹ (11:52 alẹ́)

Àbúrò, ẹ kú ìnira. Láàbù tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń gé e pẹlẹbẹ, fífẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta irú rẹ̀ léra wọn kò lè ga ju mìlímítà kan lọ. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, a ó pa á láró, dókítà tó ń ka ẹran á sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ọmọ ìlú aró ni mí, aró náà ni mo tún ń pa kiri. Ẹ máa gbọ́: aró láàbù wa tó ń mú inú sẹ́ẹ̀lì dúdú bí ẹ̀lú, ara igi ni wọ́n ti ń rí i, bí tàwọn ìyá wa náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ wí. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò dáa. Ike tó mọ́ ni, láàárín wákàtí kan ni kó dé láàbù, kí èèyàn sì ti yàgò fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó má ju méje lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kọ́ ló sọ ọ́ dòfo. Ká ní ọ̀rá ló pa àwọn onírù kékeré inú àtọ̀ tó ń di ọmọ, òkú wọn ì bá wà lórí gíláàsì. Òkú yàtọ̀ sí òfo. Kí wọ́n tó sọ pé òfo ni, ó yẹ kí wọ́n yí i nínú ẹ̀rọ kí ohun tó wúwo silẹ̀, kí wọ́n wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ lọ tún un ṣe.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2021, tí ẹ ó máa bá pàdé nínú èsì: ó kéré tán 1.4 mìlílítà àtọ̀, mílíọ̀nù 16 onírù nínú mìlílítà kọ̀ọ̀kan, kí 42 nínú ọgọ́rùn-ún máa mira, kí 4 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìrísí tó gún. Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin péré. Kódà lára ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́fà, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ olórí wíwọ́ tàbí onírù méjì.

Ohun tó wà nínú kóró ẹpọ̀n ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká jọ bí òwú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì irúgbìn wà létí ògiri rẹ̀, wọ́n ń pín, wọ́n ń dàgbà bọ̀ láàárín. Sẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló gbá wọn mọ́ra, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń kó ìdọ̀tí wọn. Enrico Sertoli, ará Ítálì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1865, orúkọ rẹ̀ la fi ń pè é. Alágbàtọ́ ni mo ń pè é ní tèmi. Lẹ́yìn ọ̀pá, láàárín ìta, sẹ́ẹ̀lì Leydig wà níbẹ̀, àwọn ló ń pèsè tẹsitósítẹ́róònù, èròjà ara tó ń sọni di ọkùnrin. Nǹkan bí ọjọ́ 74 ni irúgbìn kan fi ń di onírù, ó sì tún máa ń rìn tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó jáde. Àtọ̀ tí ẹ gbé lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni òfo ń gbà wá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń ṣe é, ojú ọ̀nà ló dí. Àtọ̀sí àti klamídíà, àrùn ìbálòpọ̀ méjèèjì, tí a kò tọ́jú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ Bàbá kò parọ́, àgbo ni kò lè la ojú ọ̀nà náà. Tàbí kí ó jẹ́ pé wọn kò ṣe é rárá. Mo ti rí gíláàsì tí alágbàtọ́ nìkan tò síbẹ̀, kò sí ọmọ kankan lọ́wọ́ wọn, bí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ọlidé. Mo ti rí èyí tí irúgbìn wà, wọ́n pín dé ìdajì, gbogbo wọn dúró síbi kan náà. Àwọn kan ni a bí pẹ̀lú X méjì àti Y kan nínú okùn àjogúnbá (chromosome) wọn, bí ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ̀ta. Àwọn kan ni apá kan ti já kúrò lára Y wọn. Ṣegede tó bá mú ọkùnrin lẹ́yìn tó ti bàlágà náà lè sọ̀ kalẹ̀ sí ẹpọ̀n.

Ooru ńkọ́? Àpò ẹpọ̀n máa ń tutù ju inú ara lọ ní ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì 2 sí 4, ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi gbé e síta. Ààrò lè dín wọn kù. Kí ó sọ wọ́n dòfo pátápátá ni mi ò lè gbà kíákíá.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé ṣegede ti mú yín rí? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún yín? Oògùn wo lẹ ń lò, ti kẹ́míìsì tàbí ti ìbòmíràn? Kí ẹ sì ní kí wọ́n wo FSH àti LH, ohun tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹpọ̀n, àti tẹsitósítẹ́róònù nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

Ti kókó nìyí. Òun gan-an ló mú mi bínú tí mi ò fi lè sùn. WỌ́N GÉ E, WỌ́N DÀ Á NÙ! Ta ló wá sọ fún wọn pé kẹ́lọ́ìdì ni? Ojú? Ojú kì í ka sẹ́ẹ̀lì. Ọmọ ìyá, ohunkóhun tí wọ́n bá gé lára yín, inú fọ́máàlìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni kó lọ, kí fọ́máàlìn náà pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, ká kọ orúkọ sí i, ó di láàbù. Ṣé ọgbẹ́ kankan wà lójú ibẹ̀ kí ó tó yọ nígbà àkọ́kọ́?

Oníbúrẹ́dì_Ìgbóná (Oṣù Kejì, ọjọ́ 10, 5:20 ìdájí)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Iná ààrò ti ń jó, àyè díẹ̀ ni mo ní. Kò sí ọgbẹ́. Ó kàn yọ ni. Ṣegede kò mú mi, ìpá kò ṣe mí.

Ẹni_Òòṣà (8:14 àárọ̀)

Àfín ni mí, ẹ rí orúkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ti ọ̀rọ̀ Gíláàsì lẹ́yìn. Aṣọ òkìríkà ni mò ń tà nínú oòrùn fún ọdún méje, láìdé fìlà. Ohun kan yọ sí ẹ̀bátí mi, bí èépá. Bí mo bá hó o, á ṣẹ̀jẹ̀, á tún dì. Ọdún méjì ni mo fi ń ra ìpara oríṣiríṣi lẹ́nu ọ̀nà kẹ́míìsì. Ìgbà tó ń rùn ni mo lọ. Dókítà tó gé e kò dá mi lóhùn nígbà tí mo bi í pé kí ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti láàbù." Inú bí mi nígbà yẹn, mo rò pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n tún padà gé etí ibẹ̀ sí i nítorí láàbù ní kò tíì tán.

Ọdún karùn-ún nìyí. Akẹtẹ̀ mi kì í kúrò lórí mi mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Fúlàní.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒkèBáálẹ̀ (9:02 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣebí wọ́n ní dúdú ara wa ń dáàbò bò wá? Ṣé èèyàn dúdú náà máa ń ní jẹjẹrẹ awọ ara tí kì í bá ṣe àfín?

Gíláàsì_Pẹlẹbẹ (1:33 ọ̀sán)

Agbòòrùn ni dúdú yẹn jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì, òótọ́ ni. Ó máa ń bo àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ kí ìtànṣán má ba DNA, ìwé àṣẹ ibẹ̀, jẹ́. Agbòòrùn ti àfín kò fi bẹ́ẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń rí wọn pa. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lára gíláàsì irú ti Ẹni_Òòṣà máa ń pọ́n, ó sì ń ká ara rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ sáàárín ẹran. Ó lẹ́wà, ká má parọ́. Ohun búburú lè lẹ́wà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn ló ń fa gbogbo rẹ̀. Bob Marley, abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1977 ni wọ́n mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ó kú lọ́dún 1981, ọmọ ọdún 36. Níbi àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni irú èyí tí àwa dúdú ń ní sábà máa ń wà, ibi tí oòrùn kì í dé. Ilà dúdú tó ń fẹ̀ lábẹ́ èékánná kan ṣoṣo, ẹ má pè é ní ìdọ̀tí.

Egbò àdáàjinà náà wà níbẹ̀. Iná jó ìyá àgbà kan, ogún ọdún lẹ́yìn náà, ojú egbò yẹn di jẹjẹrẹ. Marjolin la ń pè é. Èyí tó dà bíi làpálàpá náà wà, tó ń fi ara funfun káàkiri, tí ìpara kankan kò ran, tó sì jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló ń gun òkè wá sínú awọ. Kòkòrò àìrí náà ń fà á: tọkọtaya kan, Yuan Chang àti Patrick Moore, ni wọ́n rí kòkòrò tó ń fa Kaposi, irú jẹjẹrẹ kan tó ń yọ lára awọ, lọ́dún 1994. Ọdún 2008, ẹgbẹ́ wọn tún rí òmíràn nínú jẹjẹrẹ Merkel, èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn ẹlòmíràn bímọ fún ara wọn, àwọn yẹn ń bí kòkòrò.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒkèBáálẹ̀ (1:50 ọ̀sán)

Ẹ má bínú, ìbéèrè kan péré ló kù. Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé níbí, ṣé jẹjẹrẹ awọ lè yọ lára àpò ẹpọ̀n?

Gíláàsì_Pẹlẹbẹ (2:15 ọ̀sán)

Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn jẹjẹrẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀! Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1775, ló kọ ọ́ pé àwọn tó ń gun ihò èéfín lọ nù ún ní jẹjẹrẹ àpò ẹpọ̀n. Ẹ̀gbin dúdú èéfín ló ń wọ ìwúnjọ awọ ibẹ̀. Kékeré ni wọ́n ti ń gùn ún, tí wọ́n bá dàgbà ni yóò tó jáde. Oníbúrẹ́dì, ẹ máa wẹ̀ dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù, ti èjìká ni tiyín.

Ọmọ_Yèyé (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Mo ń retí ẹni tí yóò bú Ọ̀ṣun níbí, kò tíì sí, mo dúpẹ́. Ilé wa ni wọ́n ti ń tọ́jú omi Yèyé. Àwọn obìnrin tó ń wá, mo máa ń bi wọ́n pé ọkọ wọn dà. Ọ̀pọ̀ ni kì í bá wọn wá. Ọ̀ṣun kò ní kí ẹnikẹ́ni má yẹ ara rẹ̀ wò. Oníbúrẹ́dì, tí o bá ń mú ìyàwó rẹ bọ̀, ìwọ náà bọ́ bàtà rẹ kí o wọlé.

Oníbúrẹ́dì_Ìgbóná (Oṣù Kejì, ọjọ́ 13, 11:08 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Gíláàsì, ẹ bi mí ní ìbéèrè oògùn, mo fò ó. Mo ti ronú sí i. Níbi tí a ti ń gbé irin, ọ̀gá ibẹ̀ ń gún wa ní abẹ́rẹ́ kan tí ń mú apá dì. Láti ọdún tí mo gbéyàwó ni, mo máa ń dá a dúró díẹ̀, mo tún máa ń padà sí i. Àpò ìyẹ̀fun tí mò ń rù ti fúyẹ́ lọ́wọ́ mi látìgbà yẹn. Mo rò pé ohun tó ń sọni di ọkùnrin gidi ni, báwo ni yóò ṣe ba ọkùnrin jẹ́? Mo wo ara ìgò rẹ̀ lónìí: testosterone enanthate.

Gíláàsì_Pẹlẹbẹ (11:31 alẹ́)

Áà! Ó tán. Ẹ fi ààrò sílẹ̀.

Ẹ gbọ́. Kóró kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ. Òun ló ń rán iṣẹ́ méjì sí ẹpọ̀n: LH lọ sọ́dọ̀ Leydig pé kí ó ṣe tẹsitósítẹ́róònù, FSH lọ bá alágbàtọ́. Abẹ́rẹ́ yín dé, tẹsitósítẹ́róònù kún inú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ wò ó, ó ní ọjà ti kún, ó dáwọ́ iṣẹ́ rírán dúró. Leydig jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí àwọn irúgbìn nílò nínú ẹpọ̀n fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ kò lè dé ìwọ̀n yẹn níbẹ̀ láéláé. Apá ń dì, ẹpọ̀n ń rọ. Ẹ kò gbọ́ mi yé? Ní nǹkan bí ọdún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé dán abẹ́rẹ́ yìí gan-an wò gẹ́gẹ́ bí ìfètòsọ́mọbíbí fún ọkùnrin. Ìfètòsọ́mọbíbí ni ẹ ti ń gún láti ọjọ́ ìgbéyàwó!

Ẹ má dá a dúró fúnra yín kí ẹ wá lọ ra òmíràn ní kẹ́míìsì. Dókítà ni. Tí LH àti FSH bá wálẹ̀, ìyẹn ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń padà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, àwọn kan máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. A lè má nílò láti gé ẹran ẹpọ̀n yín wò rárá. (Fún ẹ̀yin ọmọ láàbù tó ń kà á: tí a bá fẹ́ gé e, ti ẹpọ̀n yàtọ̀, inú omi mìíràn tí wọ́n ń pè ní Bouin ni, fọ́máàlìn máa ń jẹ́ kí ọ̀pá náà sún kúrò lára ara wọn.)

Àbẹ̀kẹ́_OlúOde (11:40 alẹ́)

Ìyàwó yẹn ti ya fọ́tò ilé ọmọ. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń dunni?

Oníbúrẹ́dì_Ìgbóná (Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 6, 8:19 alẹ́)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

LH àti FSH mi wálẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Mo ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lójú dókítà, oṣù méje ń lọ. Nínú oṣù keje, wọ́n rí mílíọ̀nù mẹ́ta. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàbù, mo ń ka iye òdo tó wà lẹ́yìn mẹ́ta yẹn.

Ti kókó èjìká: wọ́n kọ́kọ́ gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí láàbù. Orúkọ rẹ̀ gùn, dermatofibrosarcoma protuberans. Jẹjẹrẹ ni, èyí tó ṣọ̀wọ́n. Dókítà ní kì í sáré lọ sínú ara, ṣùgbọ́n ó máa ń fi gbòǹgbò rìn lábẹ́, ibi tí ojú rò pé ó parí sí kọ́ ló parí sí. Ìdí nìyẹn tó fi padà. Wọ́n gé ju kókó lọ ní gbogbo etí, bí ìka méjì, wọ́n bu awọ itan mi lẹ̀ ẹ́. Gbogbo etí mọ́.

Gíláàsì_Pẹlẹbẹ (9:03 alẹ́)

Ọlọ́run ṣeun. Tí ẹ bá rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù, bí ẹní tí wọ́n hun ló rí, sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí po, tó wọ inú ọ̀rá lọ bí ẹ̀kan. Okùn àjogúnbá kẹtàdínlógún àti ìkejìlélógún nínú sẹ́ẹ̀lì ló já, tí wọ́n fi ara wọn so, ìsopọ̀ yẹn ló ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa dàgbà láìdúró. Nítorí náà kò kan abẹ́rẹ́, kò kan ààrò, kò kan àtọ̀. Tí kò bá ṣeé gé tán, oògùn kan wà, imatinib, èyí tí àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ń lọ gbà ní Ifẹ̀. Ẹ máa lọ fi èjìká han wọ́n lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó lè pẹ́ kó tó gbìyànjú àtipadà. Kí ẹ sì bèèrè nọ́ńbà ẹran yín, wọ́n ń tọ́jú ẹran náà sínú ìda àbẹ́là, ọdún púpọ̀ ni.

Àbẹ̀kẹ́_OlúOde (9:20 alẹ́)

Màmá ńkọ́? Ṣé o ti sọ fún wọn?

Oníbúrẹ́dì_Ìgbóná (9:44 alẹ́)

Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní ta ló tún gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé adìyẹ wá fún ìyàwó mi, wọn kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó mi náà kò sọ nǹkan kan, ó gbà á, ó sè é.

Lóṣù kẹjọ, àwa méjèèjì la jọ lọ sódò. Mo bọ́ bàtà mi. Àyẹ̀wò tó kàn di oṣù kejìlá, mo ti ra ike.